Ọ̀nà Tí Mo Mọ̀ ní Tẹ́ṣàn Ìkẹjà

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹnikẹ́ni ò ròyìn rẹ̀ fún mi, mi ò gbọ́ ọ lórí rédíò, mi ò sì kà á nínú ìwé, nítorí èmi àti ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ mọwọ́ ara wa. Kíláàsì kẹrin ni mo kà dé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá mi tó ní kí n wá kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí àwọn tó mọ tẹ́ṣàn rélùwéè Ìkẹjà dìde dúró, mo fẹ́ rí ẹni tí yóò ṣáájú mi dìde. Àwọn kan mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Èmi mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ṣì wà ní kòtò.

Mo bá wọn da kọ́ǹkéré ibẹ̀. Kì í ṣe ẹnu lásán. Èjìká mi ọ̀tún tó rẹlẹ̀ ju tòsì lọ yìí, ibẹ̀ ni mo ti kó o. À ń ru sìmẹ́ǹtì láti ara tírélà títí oòrùn á fi dé àtàrí, fọ́mánì á dúró lórí pákó, á máa lọgun pé kí ẹ̀rọ tó ń po kọ́ǹkéré má dákẹ́, nítorí kọ́ǹkéré tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ò gbọdọ̀ sinmi láàárín. Nígbà náà, obìnrin tó ń se ìrẹsì fún wa, ibi tí àwọn èrò ti ń fi káàdì wọlé báyìí ló ń gbé ìkòkò rẹ̀ kaná sí. Ibi tí mo ti ń ṣan ẹsẹ̀ mi nírọ̀lẹ́ ni wọ́n wá to àga tí wọ́n fi ń dúró de ọkọ̀ sí. Bí ẹ bá di ojú mi, mo lè fọwọ́ pa òpó ibẹ̀, kí n sì sọ èyí tí a fi ọjọ́ kan dà àti èyí tí òjò ká wa mọ́ nídìí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí i tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná ojú irin yẹn, gbogbo àgbàlá wa ní Agége sọ mí di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀nà. Ẹni tó bá gba àlejò á ní kí wọ́n lọ bá Ọ̀gá Rélùwéè. Màá gbé àga síta, màá ṣàlàyé fún wọn, bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà.

Àkọ́kọ́, káàdì. Ẹnì kan, káàdì kan. Ẹ má rò pé tọkọtaya lè fi ẹyọ kan wọlé. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìgbéyàwó. Ẹ ó fi kan ibi tó ń tàn, apá géètì á ṣí, ẹ ó sì kọjá kíákíá kó má baà pa mọ́ yín lára. Ibi tí ẹ bá ti sọ̀, ẹ ó tún fi kàn án kí ẹ tó lè jáde, nítorí náà ẹ má ti káàdì bọ ìsàlẹ̀ báàgì lábẹ́ gàrí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ń dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sí Ọyìngbò ọ̀tọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó ń padà sí Agbádó ọ̀tọ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń lọ sí Yàbá, tó bá ara rẹ̀ ní Ìjú, tó wá ń bínú sí awakọ̀. Ẹ sì fi sọ́kàn pé ọkọ̀ yìí kì í dúró de ẹni tó ń kí èèyàn. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹ kọ́kọ́ wọlé kí ẹ tó béèrè àlàáfíà ilé.

Èyí tó kù ló le jù, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà tí yóò sì rí ọ̀nà dé ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ń gbéra. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ìyá wa bí ṣáájú mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n sì ń ṣe láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Ọmọ náà ríṣẹ́ sí òkè òkun, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bíi mẹ́wàá. Ẹni tó ń kó wọn lọ ní kí gbogbo wọn pé sí ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, pé bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, inú ni gbogbo wọn ń wọ̀. Láti Ìbàdàn ni bọ́ọ̀sì á ti gbé wọn dé ibẹ̀ tààrà. Ó di ọdún mẹ́ta kí ó tó lè padà wá.

Ní ìdílé wa, ọmọ kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ òbí kàn án lórí. Nígbà tí èmi ń bọ̀ l'Ékòó, bàbá wa gbé ọwọ́ lé mi lórí lójú títì, níwájú gbogbo ọlọ́kọ̀, ọwọ́ wọn ń rùn tábà, wọn ò sì gbé e kúrò títí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wá ṣe nìyẹn. Wọ́n dé ilé mi ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n gbààwẹ̀ ní ilé ìjọsìn wọn ní Agége, wọ́n gbàdúrà sínú ìgò omi kan. Ọwọ́ lórí ọmọ, omi níwájú orí, kí aago méjì tó lù. Wọn ò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ mi.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa ní kí a wọ mọ́tò láti Agége lọ tààrà, pé òun mọ ẹnì kan tó lè gbé wa. Ó ní, "Ọ̀gá Rélùwéè, ìyá yìí ò wá wo ọkọ̀ ojú irin o. Ọmọ wọn ni wọ́n wá wò."

Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀nà Ìkẹjà. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni rélùwéè fi ń dé Ìkẹjà láti ibí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a ó fi jáde, bọ́ọ̀sì ò sì ní lò ju ìdajì wákàtí lọ. Kó tó di aago méjì a ó ti jókòó ti ọmọ náà, a ó ti máa jẹ ẹ̀pà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí táyà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde nínú yàrá pẹ̀lú sùtánà funfun tó dé ọrùn ẹsẹ̀, ìgò omi lápá òsì. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàtà yín ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ta ní ń wọ bàtà sí sùtánà?"

Mo ní kí wọ́n wọ aṣọ ilé lọ, kí wọ́n pààrọ̀ nígbà tí a bá débẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní bọ́ sùtánà lójú àlejò, àti pé ẹsẹ̀ àwọn ti rin ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ láti kékeré, kí ni ilẹ̀ Èkó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tó ju èèyàn lọ ló ju èèyàn lọ.

Ọkọ̀ dé Agége láago kan. A wọlé dáadáa, mo fi káàdì mi kàn án, mo bá wọn fi èkejì tí mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò kàn án. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní "Ẹ kú ìjókòó o" fún gbogbo èèyàn, àwọn bíi mẹ́rin ló dáhùn, ọmọbìnrin kan sì dìde fún wọn. Ara mi ò balẹ̀ láti jókòó. Mo ń fi òrùlé àwọn ilé iṣẹ́ hàn wọ́n lójú fèrèsé, èyí tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, èyí tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì, èyí tí wọ́n ti tì pa. Wọn ò wò ó. Fóònù mi ni wọ́n ń ní kí n yọ, kí n wo aago.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a sọ̀ ní Ìkẹjà. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni.

Gbogbo èrò yà sí ọwọ́ kan, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, mo ní kí a má bá wọn lọ. Nígbà tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀nà kan wà ní ìparí pèpéle tí a sọ̀ sí yìí lọ́hùn-ún, tí a máa ń gbé páànù kọ́ǹkéré gbà, tó já sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ní àwọn bọ́ọ̀sì á máa wà. Ìṣẹ́jú méjì péré. Àwọn tó ń gun òkè yẹn ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé kí a má kọ́kọ́ béèrè?"

Mo ní, "Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ àwọn tó wá bá mi níbí?"

Pèpéle yẹn gùn. Ẹni tó bá rò pé ó kúrú, kó rìn ín pẹ̀lú ẹni tó ń bi í ní aago ṣáá. Nígbà tí a kúrò lábẹ́ òrùlé, oòrùn bọ́ sórí wa, kọ́ǹkéré ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti gbóná láti àárọ̀. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ata. Mo ní ó kù díẹ̀.

Ògiri ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti kùn ún, irin wà lórí rẹ̀. Mo fọwọ́ pa á. Mi ò ní purọ́, ẹni tó rẹ́ ògiri yẹn mọṣẹ́, mi ò rí ojú ibi tí ọ̀nà wa wà tẹ́lẹ̀.

Sẹ̀kúrítì kan ti ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó kí wa dáadáa, ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń wá lọ́hùn-ún? Òkè ni ọ̀nà wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà." Mo ní mo rí i. Òtítọ́ ni, mo rí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn pọ̀ ju ohun tí ojú mi lè yára kà lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà wà níbí yìí, pé èmi fúnra mi gbé páànù gbà á, pé kó lọ bi ọ̀gá rẹ̀. Ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn, èmi náà ń fi ohùn líle dá a lóhùn. Gbogbo àkókò tí mo fi ń jà fún ọ̀nà tí kò sí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí kọ́ǹkéré tó gbóná yẹn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Wọn ò sọ fún mi pé ó ń jó wọn.

A padà. Bí a ṣe dé ìdí àtẹ̀gùn, mo rí èyí tó ń rìn fúnra rẹ̀, inú mi dùn. Sẹ̀kúrítì náà ní Màmá ò lè gun ìyẹn láìwọ bàtà, eyín irin rẹ̀ lè gbá ọmọ ìka mú, sùtánà sì gùn. Ó ní kí wọ́n wọ líìfùtì. Mo kọ̀. Ihò líìfùtì yẹn, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó kún fún omi òjò tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀. Mi ò lè gbé ọmọ ìyá mi sínú rẹ̀ kí ilẹ̀kùn sì pa dé. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wo aago ara ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lásán, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kan mú ìgò, orókún wọn ń dún. Lójú àtẹ̀gùn kan, ìdérí ìgò já bọ́, ó yí wálẹ̀ lọ sí ojú irin. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìgò náà.

Lókè, lórí afárá tó sọdá ojú irin, ọ̀nà pín sí méjì. Àkọlé wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Èmi rántí pé apá òsì ni ẹ̀rọ kọ́ǹkéré wa máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ní bọ́ọ̀sì á máa dúró sí. Mo yà sósì. A fi káàdì jáde, a sọ̀ kalẹ̀, ariwo ọjà ni mo bọ́ sí. Ibi tí wọ́n ti ń ta awọ fóònù àti àǹkáṣì ìnujú. Kò sí bọ́ọ̀sì ńlá kankan níbẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ wa àti ibi tí bọ́ọ̀sì á máa dúró sí òdìkejì lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, lẹ́yìn tí mo kúrò nídìí iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún níbẹ̀. Ọmọ náà ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti etí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti sún mọ́bí? Wọ́n ti ń pe orúkọ wa o."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ti wà ní Ìkẹjà. Dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n pa fóònù, wọn ò sì bi mí léèrè mọ́. Wọ́n tọ obìnrin kan tó ń ta àǹkáṣì lọ, wọ́n bi í níbi tí bọ́ọ̀sì pápákọ̀ wà. Obìnrin náà ní, "Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Ẹ padà sókè, ẹ sọdá afárá. Ta ló júwe ibí fún yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣìnà."

Láti ibẹ̀ lọ, àwọn ni wọ́n ṣáájú, èmi ń tẹ̀lé. Gbogbo ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n bi, "Ọmọ mi, ibí yìí ni?" títí a fi dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Nítorí náà, ọ̀nà tí mo ní màá sọ fún yín nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ó bá gba ibẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ ní Ìkẹjà, ẹ bá èrò gòkè. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó wọ líìfùtì. Mo ti wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Lórí afárá, kí ẹ tó fi káàdì jáde, ẹ dúró, ẹ béèrè ẹ̀gbẹ́ tí bọ́ọ̀sì wà, nítorí bí ẹ bá ti jáde sí òdì, àfi kí ẹ tún ti ibẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó jẹ́ ìwọ gan-an lo kọ́ ibẹ̀, béèrè.

Bọ́ọ̀sì gbéra. Mi ò jókòó. Mo di irin òkè mú, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mò ń wà á. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, awakọ̀ náà sì ń sáré, ṣùgbọ́n ó ń dúró gbé èrò níbi tí ó yẹ kó dúró. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú, àtẹ́lẹwọ́ wọn lórí ẹnu ìgò.

A dé pápákọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago méjì. Ẹnu ọ̀nà tí ọmọ náà júwe, a rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló béèrè rẹ̀. Kò sí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní wọ́n wọlé ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, pé ọmọbìnrin kan nínú wọn dúró gbẹ̀yìn, ó ń wo ọ̀nà, títí wọ́n fi wá fà á lọ́wọ́ wọlé. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò rìnrìn àjò kọjá ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní tí òun bá ṣe é fún wa, òun á ṣe é fún gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ náà lórí fóònù. Ó ń sunkún, ó ní wọ́n ti yẹ àwọn wò, wọn ò lè padà síta mọ́. Wọ́n ní kó má sunkún. Wọ́n bi í pé ṣé ó ti jẹun. Wọ́n ní kó di orí rẹ̀ dáadáa, pé wọ́n ní òtútù wà níbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbàdúrà náà lórí fóònù, mo ń gbọ́." Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà kékeré. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, wọ́n ní, "Fóònù ò ní orí tí mo lè gbé ọwọ́ lé."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn níbẹ̀, gbalaja, lórí ilẹ̀ pápákọ̀. Èmi tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún fọ́mánì rí. Wọ́n ní, "Dìde, ò ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù."

Ohun tí a pàdánù lọ́jọ́ náà nìyí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì nínú tẹ́ṣàn tí kò yẹ kó gbà wá ju mẹ́wàá lọ. Ìdérí ìgò kan. Omi inú ìgò, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ojú ibi mẹ́ta, méjì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ òsì. Àti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ìyá ìbá fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀.